Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Ọmọ Fo Kíláàsì Kẹfà?

Àkókò tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í dé kí ọ̀rọ̀ kan má jà rànyìn láàrin wa bí ìpàdé bá ti tú. Ọmọ wà ní kíláàsì karùn-ún, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ kí ó ṣe ìdánwò náà, kí ó fo kíláàsì kẹfà, kí ó bọ́ sí JSS 1. Àwọn kan ní ọgbọ́n ni, nítorí pé owó ilé-ìwé ọdún kan yóò kù sápò. Àwọn mìíràn ní à ń yan ọmọ jẹ ni. A rò pé ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò níwájú Ọlọ́run, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni.

Ètò 6-3-3-4 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ya ọdún 6 sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin UBE ti 2004 kò yọ ọdún kankan kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọmọ ọdún 6 yóò wọ JSS 1 ní ọmọ ọdún 12. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ̀ pé ọmọ ọdún 9 àti 10 wà nínú aṣọ JSS 1 ní àdúgbò wa. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ọmọ tí kò bá pé ọdún 18 kò ní í wọ yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, mínísítà tó gba ipò rẹ̀ ti fagi lé e. Ìkéde lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, ọpọlọ ọmọ kò lè bá a yí. Nítorí náà, ọwọ́ àwa òbí ni ìpinnu náà ṣì wà.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́, ìṣirò ni ó kọ́kọ́ máa ń tú àṣírí. Bí a kò bá mọ ení, a kì í mọ èjì. Ọmọ tó fo orí kan nínú ìwé ìtàn lè bá ìtàn náà níwájú, ṣùgbọ́n ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń kà á: ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, àádọ́ta ni ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, márùndínláàádọ́ta tún dúró lé àádọ́ta. Ẹni tí ogún kò bá yé, ó lè há àádọ́ta sórí, ṣùgbọ́n kò lè mọ ibi tí ó ti wá. Ní JSS 1, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà dípò nọ́ńbà. Ọmọ tí ìdá àti ìpín kò tíì yé dáadáa, kí ni yóò fi gbá lẹ́tà mú?

Ìyá kan láàrin wa yọ̀ǹda kí a sọ tirẹ̀ láìdárúkọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣe ipò kìn-ín-ní ní kíláàsì karùn-ún, ó sì fo kẹfà. A bá a yọ̀, a tilẹ̀ dúpẹ́ fún un ní ìpàdé. Ní sáà kìn-ín-ní ní JSS 1, máàkì 31 nínú 100 ni ó gbà nínú ìṣirò. Ọmọ tó máa ń gbé ìwé rẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ sí í fi pamọ́. Ìyá ní ọ̀lẹ ni, ó sì nà án.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, búrẹ́dì wà lórí tábìlì. Ìyá ní, "Bí a bá gé búrẹ́dì yìí sí ọgbọọgba mẹ́rin, tí o jẹ ẹyọ kan, tí àbúrò rẹ sì jẹ ìdajì ohun tó kù, kí ni ó jẹ nínú odidi?" Ọmọ náà yára kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì gbà á: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ìyá gbé ọ̀bẹ fún un, ó ní, "Ó dáa, gé e kí n rí i." Ọmọ náà di ọ̀bẹ mú títí, kò mọ ibi tí yóò fi gé. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé mo mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ pé kò yé mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá dọ́kàn, nítorí a wà lára gbogbo èèyàn náà. A rò pé ọdún kan ni a fi ta ọmọ lọ́rẹ. A kò mọ̀ pé a ti gba ẹ̀tọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Kò yé mi."

Ìyá John Wesley, Susanna, tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé fúnra rẹ̀, mọ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí John ní 1732, ó ṣàlàyé pé òun kì í kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà kí ó tó pé ọdún 5. Kezia, àbígbẹ̀yìn, nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn borí òun lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn yòókù fi oṣù díẹ̀ mọ̀, ọdún púpọ̀ ni Kezia fi kọ́ ọ. Ẹ tún rántí Jékọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 33. Ísọ̀ wà níwájú pẹ̀lú ọmọ ogun rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n jọ máa lọ, ṣùgbọ́n Jékọ́bù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ ná. Ìrìn àwọn ọmọ ni òun yóò máa tọ̀. Ojú kò tì í láti dé lẹ́yìn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé apá kan ṣoṣo ni òtítọ́ wà. Ọmọ mìíràn wà tí kíláàsì kẹfà yóò sú, tí ọkàn rẹ̀ yóò kú sí ìwé bí a bá dá a dúró. Láti fi ìbẹ̀rù ri tálẹ́ńtì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni pẹ̀lú. Opó tó ń dá owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin san sì wà láàrin wa. Ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré fún un, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a lẹ́jọ́.

Ohun tí a lè ṣe ni kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó pinnu. Ṣé ọmọ náà lè fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ títí yóò fi yé e? Ṣé a ti gbọ́ tẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, àti ti tíṣà tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́lọ́wọ́, ju ti ilé-ìwé tó ń wá ọmọ tuntun lọ? Bí ó bá sì ṣòro níwájú, ṣé a lè dá a padà láìbínú, láìka ohun tí aládùúgbò yóò wí sí? Bí a kò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ògo tiwa ni à ń wá.

Ìyá náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà tún JSS 1 ṣe. Kò ṣe ipò kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ó ti ń na ọwọ́ sókè ní kíláàsì láti béèrè ohun tí kò yé e. Èyí ni àwa náà wá dúpẹ́ fún ní ìpàdé.

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti bá àwọn ọmọ wa rìn. Àmín.