Owó Ẹyọ Ọrùn Omidan: Ìfẹ́ Ni Tàbí Ìnilára?

Ó ṣòro láti rí akẹ́kọ̀ọ́ girama kan, ìbáà ṣe ní Akaka Rẹ́mọ tàbí ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, tí kò mọ àlọ́ omidan tó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tó wá tẹ̀ lé arẹwà àlejò láti ọjà wọ inú igbó lọ. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ni, ìdáhùn tó máa ń yá a lẹ́nu ni pé kí ọmọ máa gbọ́ràn sí òbí rẹ̀ lẹ́nu. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí arẹwà náà ṣe sí omidan yìí ńkọ́? Ṣé ìwà olólùfẹ́ ni, tàbí ìnilára?

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, sọ ìtàn náà nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì sọ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní 1963. Ẹ̀yà ara àyálò ni arẹwà yìí fi ṣe ẹwà. Bó ti ń padà lọ sínú igbó ló ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, títí ó fi ku agbárí lásán. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún omidan pé kó padà sílé, omidan kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú omidan là, tó fẹ́ padà sí ilé bàbá rẹ̀, agbárí kọ̀ jálẹ̀, ó sì lé e mú. Wọ́n so owó ẹyọ mọ́ ọn lọ́rùn. Bó bá fẹ́ sá, owó ẹyọ a pariwo. Òun kan náà ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn tó ń gbèjà agbárí ní àwíjàre méjì: ẹsẹ̀ omidan ló gbé e lọ, a sì ti kìlọ̀ fún un. Àwíjàre méjèèjì kò dúró. Ẹni tó bá ènìyàn rìn lọ́nà kò tíì ta ara rẹ̀ fún un. Ìkìlọ̀ pẹ̀lú kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tó sọ pé òun léwu kò tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀tọ́ láti pa ẹlòmíràn lára.

Ìlú òkèèrè pẹ̀lú ní ìtàn tó jọ èyí. Nínú Twilight tí Stephenie Meyer, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bella fẹ́ràn Edward, ọ̀kan nínú ìran amùjẹ̀ tí kì í kú. Òun náà kìlọ̀ pé òun léwu. Síbẹ̀ ó ń wọ yàrá Bella lóru láìjẹ́ kó mọ̀, láti máa wò ó lójú oorun. Nínú ìwé kẹta, ó tú ẹ̀yà kan kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kó má baà lè lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò. Owó ẹyọ mìíràn nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Tutuola jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdè ni owó ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí Edward ṣe ni a fi aṣọ ìfẹ́ bò.

Kò yẹ kí Yorùbá fi ìyẹn yangàn. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ààbò ilé ọkọ ni mágùn. Ṣùgbọ́n nínú sinimá Thunderbolt: Magun tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, ìfura lásán ni ọkọ fi fi mágùn sí aya rẹ̀ lára láìjẹ́ kó mọ̀. Ààbò tí a fi pamọ́ fún ẹni tí a ní à ń dáàbò bò, tó sì lè pa á, ẹ̀wọ̀n ni.

Ẹnìkan lè ní ìtàn lásán ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé a kì í fi agbárí sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n inú ìtàn ni ọ̀dọ́ ti ń kọ́ orúkọ tí yóò fi pe ohun tó bá rí láyé. Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ka yíya ẹni sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹgba níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí a ti kọ́ pé owú ni àmì ìfẹ́ kò ní mọ̀ pé òfin ń sọ̀rọ̀ nípa òun.

Yorùbá ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹ̀kọ́ ìgbọ́ràn sílẹ̀ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ẹ̀ṣẹ̀ agbárí ṣáájú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ìfẹ́ yàtọ̀ sí ìnilára, ìbéèrè kan tó: bí ẹni tí a fẹ́ràn bá ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ǹjẹ́ ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un? Omidan inú ìtàn Tutuola bọ́ lọ́wọ́ agbárí, ó dé ilé bàbá rẹ̀, síbẹ̀ owó ẹyọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè fọhùn. Ìgbà tí wọ́n rí ewé tó tọ́ fún un jẹ ni ohùn rẹ̀ tó padà. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi ìbáwí tú owó ẹyọ náà.