Alàgbà Ọmọ Ọdún Méjìdínlógún

Ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Mọ́mọ́nì kì í fúnra rẹ̀ yan ibi tó máa lọ. Lẹ́tà ló máa ń wá láti orílé-iṣẹ́ Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ní Salt Lake City, ìpínlẹ̀ Utah lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lẹ́tà yìí ló ń sọ ilẹ̀ tí yóò ti lo ọdún méjì bó bá jẹ́ ọkùnrin, tàbí oṣù 18 bó bá jẹ́ obìnrin. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 19 kó tó lọ. Ọdún 2012 ni ìjọ náà sọ ọ́ di 18. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ju 70,000 lọ. Wọn kì í gba owó oṣù. Láti oṣù Keje ọdún 2020, dọ́là 500 ni ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tàbí ẹbí rẹ̀ ń dá lóṣooṣù kó lè ráyè ṣe iṣẹ́ náà.

Japan wà lára ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń gbé wọn lọ tipẹ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 1901 ni Heber J. Grant àti àwọn mẹ́ta tó bá a rin gúnlẹ̀ sí Yokohama. Iṣẹ́ náà le, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún 1924, kí wọ́n tó tún un ṣí lọ́dún 1948 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rán lọ síbẹ̀ lónìí láti Amẹ́ríkà máa ń kọ́kọ́ jókòó ti èdè Japan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Provo, ní Utah. Bó bá dé Japan, ó máa ń rí i pé èyí tí òun gbọ́ kò tó nǹkan kan lẹ́nu àwọn tó ni èdè.

Aago 6:30 òwúrọ̀ ló ń jí. Á ṣe eré ìdárayá, á wẹ̀, á jẹun, á gbàdúrà, á ka Bíbélì àti Ìwé ti Mọ́mọ́nì, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á jọ múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún kọ́ èdè sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé àṣíborí, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ jáde, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti báàjì dúdú tí orúkọ wọn àti ti ìjọ wà lára rẹ̀ ní èdè Japan. Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ilẹ̀kùn kan ni wọ́n á kúrò níbẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Ní aago 10:30 alẹ́, iná ti kú. Kò sí sinimá, kò sí lílúwẹ̀ẹ́, kò sí ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọ̀rẹ́bìnrin. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń lọ sọ́jà, tí wọ́n sì fi ń pe ilé. Kó tó di oṣù Kejì ọdún 2019, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbọ́ ohùn òbí wọn lórí fóònù: ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn ìyá. Ẹni tó bá mọ ohun tí òbí jẹ́ fún ọmọ yóò mọ̀ pé àyípadà yẹn ti pẹ́ jù kó tó dé.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òṣùwọ̀n tó yẹ irú ayé yìí nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ìsìn tí ọ̀dọ́ náà gbé dání jẹ́ ti ẹni tó rán an. Ọ̀nà tó ń gbà jẹ́ iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti ń mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni. Lórí ìfaradà, iṣẹ́ àṣekára àti ìkóra-ẹni-níjàánu, kò sí àníàní pé ó yege. Ṣùgbọ́n òfin ló ń ti ẹni lẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn ibi tí òfin kò dé ló yẹ ká wò.

Àkọ́kọ́ ni yàrá tó ń sùn. Olórí míṣọ̀n ló ń yan ẹnìkejì fún un, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò níbi tí ọ̀kan ti lè rí èkejì, kó sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni ìyípadà lè dé. Ọmọ Utah lè bá ọmọ Osaka gbé, ọ̀kan fẹ́ràn ariwo, èkejì kì í sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní kí wọ́n jókòó sọ ohun tó ń dun kálukú fún ara wọn. Àṣà tó dára gan-an ni, nítorí ẹni tó ń wàásù àlàáfíà fún ará ìta, tó sì ń bá ẹni tí wọ́n jọ ń sùn yodì, irọ́ ló ń pa.

Èkejì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Alàgbà ni oyè rẹ̀. Ní èdè Japan, chōrō, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti arúgbó tó ti gbọ́n. Arábìnrin, shimai, ni ti àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 18 tó ń jẹ́ Alàgbà níwájú baba ẹni àádọ́rùn-ún ọdún gbé ẹrù tó wúwo. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Bó bá fi oyè yẹn jókòó bí olùkọ́ níwájú ẹni tó ti la ogun já, tó ti sin ọmọ, tó sì ti tún ilé kọ́, ó ti ṣìwà hù. Bó bá mọ̀ pé ti ìjọ ni oyè náà, tó kọ́kọ́ tẹrí ba, tó sì gbọ́ tẹnu baba kó tó la ẹnu tirẹ̀, ó jẹ́ ọmọ gidi.

Ẹnu ọ̀nà ilé Japan ń fi èyí hàn ju ibikíbi lọ. Àyè kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní genkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ bàtà, ẹni tó sì mọ ìwà á yí orí bàtà sí ìta, á tò ó pọ̀ dáadáa. Ìyá àgbà tó nilé á kúnlẹ̀ lórí ẹní, á da tíì aláwọ̀ ewé sínú ife kékeré, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sún mọ́ àlejò. Òfin ìlera ìjọ náà, tó ti wà láti ọdún 1833, kò fàyè gba tíì, kọfí, ọtí àti tábà. Ọ̀dọ́ kan á ní òun kì í mu ún, á sì ti ife náà sẹ́yìn. Òmíràn á tẹrí ba, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá fún wàhálà rẹ̀, á ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ́ ìsìn ló dí òun lọ́wọ́, á sì bẹ̀bẹ̀ fún omi tàbí mugicha, omi ọkà báálì tí kò sí ewé tíì nínú rẹ̀. Òfin kan náà ni àwọn méjèèjì pa mọ́. Ẹnì kejì nìkan ni ìyá náà máa fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òtítọ́ ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti yọ̀ rí. Àwọn míṣọ́nnárì ń kọ́ ará Japan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun rere ni, bí wọ́n bá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun tí wọ́n bá wá. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní apá kan Tokyo, iye ènìyàn tí wọ́n rì bọmi di ohun tí wọ́n ń lé kiri. Wọ́n á pàdé ọ̀dọ́ lójú títì, wọ́n á kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kúkúrú, wọ́n á sì rì í bọmi kí ọjọ́ tó lọ títí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rì bọmi bẹ́ẹ̀ kò wá sí ìjọ mọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Britain ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń rì àwọn ọmọdékùnrin tó wá gbá bọ́ọ̀lù baseball bọmi. Ẹni tó sọ ènìyàn di òǹkà kò fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ náà rárá, bó ti wù kó jí ní kùtùkùtù tó.

Ẹni tó ń ránni náà sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 1978, ìjọ yìí kò jẹ́ kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú gba oyè àlùfáà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake City fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n wá. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n tó rì Anthony Obinna, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ lẹ́tà náà, bọmi ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń wàásù ṣáájú ìgbà náà gbé àbùkù tí kì í ṣe tiwọn. Lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ń wọ báàjì dúdú náà.

Bí ọdún méjì bá pé, ọ̀dọ́ náà á padà sílé. Olórí ìjọ tó wà lágbègbè rẹ̀ á tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, á sì yọ báàjì náà. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe Alàgbà ni wọ́n ń pè é mọ́ nínú ilé. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni.