Ṣé Ìgboyà Nìkan Tó Gba Ẹ̀yẹ?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọdún 1813, nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jagun ní ilẹ̀ Yúróòpù, Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ti Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Àgbélébùú Onírin. Irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì fi fàdákà yí etí rẹ̀ ká. Bí ọ̀gágun ṣe lè gbà á ni sójà lásán lè gbà á. Ìgboyà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe. Ohun tó dára ni èyí.

Ṣùgbọ́n ṣé ìgboyà nìkan tó? Olè tó ń fọ́lé lóru kò bẹ̀rù òkùnkùn, kò bẹ̀rù ajá, kò bẹ̀rù ọdẹ. Síbẹ̀, ta ni yóò fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ rẹ̀?

Ní ọdún 1918, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Adolf Hitler, tó jẹ́ sójà onípò kékeré nígbà náà, gba Àgbélébùú Onírin ti ipò kìíní. Ọ̀gá tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀yẹ náà ni Hugo Gutmann, ọmọ Júù tí òun náà ti gba irú rẹ̀. Nígbà tí Hitler di olórí Jámánì, àmì yìí kò kúrò láyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 àwọn Júù. Gutmann fúnra rẹ̀ sá lọ sí Amẹ́ríkà. Irin kan náà ló wà láyà àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n irin kò lè sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́.

Àwọn kan yóò ní sójà kì í yan ogun tí yóò jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Finland àti Jámánì jọ kọjú ìjà sí Soviet Union. Leo Skurnik, ọmọ Júù, jẹ́ dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Finland. Lójú ogun, ó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò nínú ewu, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì wà lára wọn. Jámánì fẹ́ fi Àgbélébùú Onírin dá a lọ́lá, ó kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ láti gba ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀yẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ènìyàn rẹ̀.

Láti ọdún 1945, Jámánì kò fún ẹnikẹ́ni ní Àgbélébùú Onírin mọ́. Ní ọdún 2008, wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ mìíràn sílẹ̀ fún sójà tó bá ṣe akin. Wọ́n ṣì ń yin ìgboyà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ohun tí a fi ṣe kò ṣeé gbàgbé.

Nítorí náà, kí á tó pàtẹ́wọ́ fún akíkanjú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ìgboyà rẹ̀ gbà là, ta ni ó sì pa lára? Ọmọ tó dúró gbọn-in láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní kí wọ́n má lu aláìlágbára, lè má gba irin kankan. Síbẹ̀, akin gidi ló ṣe.