Ta Ló Lè Rìn Lórí Ọ̀sà?

Ẹ jẹ́ ká gba Ejìnrìn wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ ìlú náà, ìlú etí ọ̀sà tí ọjà rẹ̀ lókìkí láyé ọjọ́un. Àwọn oníṣòwò máa ń wọkọ̀ ojú omi láti Èkó wá bá àwọn ará Ìjẹ̀bú ná ọjà níbẹ̀, kí ọ̀nà mọ́tò àti rélùwéè tó gba ọjà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo èrò tó ti Èkó wá yẹn, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ rìn lórí omi. Níwájú ọ̀sà, aláìlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa. Ọkọ̀ ló ń gbé wa. Síbẹ̀, ẹnì kan kì í rí èrò ọkọ̀ kó mi orí, kó ní, "Ó mà ṣe o!"

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ohun ìrìnnà, àmọ́ kẹ̀kẹ́ arọ di ohun àánú? Lójú tiwa, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé àwọn tó nílò ọkọ̀ pọ̀, àwọn tó nílò kẹ̀kẹ́ ò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi spina bifida wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Spina bifida ni kí eegun ẹ̀yìn ọmọ má pa dé tán nínú oyún. Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì mọ̀ pé oyún ti dúró. Bí obìnrin bá ń lo folic acid, microgram 400 lójúmọ́, kó tó lóyún, ewu rẹ̀ á dín kù gan-an, àmọ́ kì í tán pátápátá. Torí náà, ẹni tó ń sọ fún ìyá ọmọ pé ìrìn ọ̀sán gangan ló fà á, tàbí pé ayé ló ṣe é, ṣe ló ń di ẹrù kún ẹrù. Bí ọmọ náà bá ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má lágbára. Ó lè fẹsẹ̀ gba ọgbẹ́ tàbí kí iná jó o láìmọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó máa yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Àpò ìtọ̀ náà lè má gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìsàlẹ̀ yẹn. Àmọ́ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ náà ńkọ́? Ṣé ìsàlẹ̀ kọ́ lòun náà wà ni? Ẹ̀yìn tí ò pa dé, ènìyàn kọ́ ló ṣe é. Gọ́tà tí ò ní pákó lórí, àtẹ̀gùn gíga ẹnu ọ̀nà báǹkì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé tí ò ní ilẹ̀kùn, ènìyàn ló ṣe ìyẹn. Ohun tí ènìyàn bá sì ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìtọ̀, torí òun là ń tijú láti sọ jù. Bí ìtọ̀ ò bá jáde tán, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Lọ́dún 1972, dókítà Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ènìyàn lè máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ ara rẹ̀ ní ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ síra. Ọwọ́ mímọ́ àti rọ́bà mímọ́ ti tó, kò dìgbà tí ibẹ̀ bá dà bíi yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ọ. Ní Èkó níbí, Festus Fajemilo Foundation, tí òbí ọmọ kan tó ní spina bifida dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó ń ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà nílò ní iléèwé: omi, ọṣẹ, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, àti tíṣà tó máa jẹ́ kó jáde láìjẹ́ pé gbogbo kíláàsì gbọ́ ìdí rẹ̀. Èwo ló wọ́n jù nínú ìyẹn?

Ẹnì kan lè ní, "Ọ̀nà tí gbogbo ìlú ń rìn gan-an ò tíì dáa, ẹ wá ń sọ ti ẹnì kan ṣoṣo." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. A lè fèsì pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gba kẹ̀kẹ́ yóò gba ọmọlanke alájà náà, yóò gba aboyún, yóò gba bàbá àgbà ọlọ́pàá. Àmọ́ bó bá jẹ́ torí èrè tiwa nìkan la fi máa ṣe é, òwò là ń ṣe. Kódà bó ṣe ẹnì kan ló máa lò ó, ọmọ ìlú ni, ọjà sì jẹ́ tirẹ̀ náà.

Àwọn baba wa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti fà lé òrìṣà lọ́wọ́ tán, ó rọrùn láti gbàgbé pé òun náà fẹ́ lọ ra ẹja.

Òfin wà. Ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011, ló gbé ọ́fíìsì LASODA kalẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Àmọ́ òfin ò lè gbé pákó sórí gọ́tà. Ẹni tó ń gbé ládùúgbò ló lè gbé e.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayé ń dẹrùn fún ẹni tó ní spina bifida, ẹ má ka iye ẹ̀bùn tí wọ́n fún un níwájú kámẹ́rà. Ẹ ka iye ìgbà tó ní láti sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" kó tó jáde nílé, kó tó tọ̀, kó tó wọkọ̀, kó tó dé kíláàsì. Kí iye yẹn máa dín kù, iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí i lójú ọ̀nà, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ibi tó ń lọ kọ́ lẹ fẹ́ tì í lọ.