Igi Láti Inú Igbó Ọba
(Ẹ ka Nehemiah, orí kejì títí dé orí karùn-ún)



Ẹni tí ó bá ń ti Ìkìrun lọ sí Òkukù yóò kọjá ní Ìnísà, kò sì ní lè rìn jìnnà ní agbègbè náà kí ó má gbọ́ orúkọ odò Ọ̀tìn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ogun jà nítòsí Ìkìrun, àwọn tí a ṣẹ́gun ń sá lọ, wọ́n sì já lu omi odò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ní ọdún yẹn kan náà ni Òkukù tú. Àwọn ará ibẹ̀ sá wá sí Ìkìrun, wọn kò sì padà sí ilé wọn títí di nǹkan bí ọdún 1893. Ọmọ tí a bí ní Ìkìrun ní ọdún tí wọ́n dé ti tó roko kí ó tó fi ojú rí àkìtàn ilé baba rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà kò sí àjọ kan tí ń pín àgọ́ àti oúnjẹ fún ẹni tí ogun lé. Aládùúgbò ni ó gba aládùúgbò sílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Nehemiah. Ìlú baba rẹ̀ ti di ahoro, iná ti jó ẹnu-bodè rẹ̀. Ó lọ bá ọba Artasasta, ọba àjèjì, ó sì gba ìwé àṣẹ àti igi láti inú igbó ọba. Kò tijú láti tọrọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá wí pé Kristiani kò gbọ́dọ̀ gba ìrànwọ́ òkèèrè, kò ka Bíbélì rẹ̀ dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọba fúnni ní igi, kò mọ odi. Orí kẹta kún fún orúkọ àwọn tí ó mọ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀kánkán ilé ara wọn. (Orí yìí ni a sábà máa ń fò nígbà tí a bá ń ka ẹ̀kọ́, nítorí orúkọ pọ̀ níbẹ̀.)

Nígbà ogun Kírìjì, àwọn baba wa méjì nínú iṣẹ́ Ìhìnrere, Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ àti Charles Phillips ti Òǹdó, gba iṣẹ́ Gómìnà Èkó, wọ́n ń lọ láti ìbúdó kan sí èkejì, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Ní ọdún 1886 ni a fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, tí ìbúdó Kírìjì sì tú ní oṣù kẹsàn-án. Àmọ́ ìjà Ìbàdàn àti Ìlọrin kò tán, Ìkìrun sì ni ọmọ ogun Ìbàdàn jókòó sí. Ní ọdún 1893 ni Gómìnà Carter tìkára rẹ̀ gòkè wá pẹ̀lú ọmọ ogun, tí ó sì tú wọn ká. Inú àwọn baba wa dùn. Òkukù padà sílé. Kí ni ó tẹ̀ lé e? A fi Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó jókòó sí Ìbàdàn ní ọdún yẹn kan náà, àti ní oṣù kọkànlá ọdún 1895 Ajẹ́lẹ̀ náà, Ọ̀gágun Bower, yin àgbá lu Ọ̀yọ́. Olùrànlọ́wọ́ ti di olúwa ilé. Kò sí ẹni tí ó bi àgbẹ̀ tàbí ìyálọ́jà bí irú ìjọba yìí bá wù wọ́n.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa yìí ni kí a fi wo Làìbéríà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti lọ jagun. Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1989. Ní 1990 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1997 a dìbò. Charles Taylor, ẹni tí ó dá ogun náà sílẹ̀, ni ó wọlé, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé bí kò bá wọlé yóò tún padà sí ìjà. Láàárín ọdún méjì ogun tún dé. Àpótí ìdìbò wà níbẹ̀, ìgboyà kò sí.

Ní ọdún 2003 ni àwọn obìnrin, Kristiani àti Mùsùlùmí pọ̀, wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jókòó lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun lọ jíròrò ní Ghana, àwọn obìnrin tí Leymah Gbowee jẹ́ olórí wọn dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn mọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra. Àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 2018. Kí a má sẹ́ oore wọn. Ní 2005 a yan Ellen Johnson Sirleaf. Ní 2023 George Weah, tí ó wà lórí àléfà, pàdánù pẹ̀lú ìbò díẹ̀, ó sì gbà láìjà. Igi náà ti òkèèrè wá, àwọn ará ilé sì mọ odi.

Nehemiah tún ṣe ohun kan tí ó dùn mọ́ wa nínú: fún ọdún méjìlá kò jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí gómìnà. Ní ọdún 2002 gbogbo ayé gbọ́ pé àwọn kan tí ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ogun lé ní Làìbéríà, Guinea àti Sierra Leone ń gba ara àwọn ọmọdébìnrin kí wọ́n tó fún wọn. Ó ṣòro fún wa láti kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Àwa ńkọ́? Àwọn olóore kan gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún ìjọ kan láàárín wa. Àwa fúnra wa ni a tọ́ka sí ẹ̀bá ilé míṣọ́ọ̀nù, nítorí ọkọ̀ àwọn àlejò lè dé ibẹ̀. A kò bi àwọn obìnrin tí ń pọnmi. Ní ọdún kejì ẹ̀rọ bàjẹ́. A kọ ìwé lẹ́ẹ̀mẹta sí òkè òkun, a jókòó, a ń retí. Àwọn obìnrin padà sí odò. Ní ìkẹyìn wọ́n wá bá wa, wọ́n ní kí a kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn. Wọ́n dá owó, wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ń san owó díẹ̀ lórí garawa kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń kà á sókè ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Ní oṣù tí ó kọjá, owó kù díẹ̀ kí ó pé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dìde, ó ṣàlàyé, wọ́n sì wádìí rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Lẹ́yìn náà ìyá àgbà kan bi àwa tí a wà lórí àga léèrè nípa garawa méjì tí ilé míṣọ́ọ̀nù pọn láìsanwó. A ti san án.