Ta Ni Wọ́n Kìlọ̀ Fún? Ifá àti Ajá Tó Ba Pálọ̀ Jẹ́

Ká ní obìnrin kan ń gbé ní Parakin nílùú Ilé-Ifẹ̀, nínú ilé tó háyà. Ó ní ajá Alsatian kan. Iṣẹ́ gbé e lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó máa wá sùn nílé òun, kó máa fún ajá lóúnjẹ. Ọ̀rẹ́ ní kò burú, kò sì gba kọ́bọ̀. Inú ilé onírin lẹ́yìnkùlé ni ajá yìí ń sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, àánú ajá ṣe ọ̀rẹ́. Ó mú un wọ pálọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó gba àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ààrá sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá ti fi èékánná ha ilẹ̀kùn dé inú igi, ó ti ya nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó ti fa wáyà títí tẹlifíṣọ̀n fi dojú bolẹ̀, fóòmù àga sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n.

Lánlọ́ọ̀dù ń béèrè ilẹ̀kùn rẹ̀. Alájá ní, “Ìwọ lo mú un wọlé.” Ọ̀rẹ́ ní, “Ajá tèmi kọ́, o ò sì sanwó fún mi.” Ta ni kó san án?

Èmi ni mo hun ẹjọ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ máa wo ojú aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé láàárín àwọn tó ń sin ajá á kúkú mọ̀ pé kò jìnnà sí ohun tí ojú ń rí.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, irú ẹjọ́ báyìí kò lè wáyé. Ìdí ààrò ni ajá ń sùn, eérú a sì bò ó nímú. Ajá ọdẹ ni, tàbí ajá tó ń ṣọ́ ilé, tàbí èyí tí wọ́n ti fojú sùn fún Ògún, tí ọ̀nà rẹ̀ á já sí Òkè Mògún nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ọ̀rẹ́ kó wá bá òun sun ilé tì í. Ṣùgbọ́n pé kí ẹran ẹnìkan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èyí kì í ṣe tuntun. Àgbàsìn ni à ń pè é. Ẹni tí kò lówó ra ewúrẹ́ a gba abo kan sìn lọ́wọ́ ẹni tó ní. Bó bá bímọ, wọn a jọ pín ọmọ. Bí ewúrẹ́ bá kú, ẹni tó ń sìn ín kì í dúró di ọ̀la kó tó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, nítorí pé bí ẹni náà kò bá fojú rí òkú ẹran, ọkàn rẹ̀ á máa lọ sí ọ̀bẹ̀. Tó bá jẹ́ àìsàn ló pa á, oníkálùkù gba àdánù tirẹ̀: ẹni tó ni ín pàdánù ìyá ewúrẹ́, ẹni tó ń sìn ín pàdánù ọmọ tí kò tíì bí. Tó bá jẹ́ pé okùn ni kò so, tí ewúrẹ́ lọ jẹ èlùbọ́ ẹni ẹlẹ́ni, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ alájá á ní òun kò gba àgbàsìn. Ajá kò ní bímọ fún òun, oore lásán ni òun ṣe. Òótọ́ ni, ó sì wúwo nínú ẹjọ́ yìí ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ṣé àìgbowó wá ní kéèyàn má dáhùn fún ọwọ́ ara rẹ̀? Ní 1703, irú ìbéèrè yìí dé ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bernard bá Coggs kó àgbá ọtí brandy láti inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, kò gba owó. Ó kó o láìfìṣọ́ra, àgbá kan bẹ́, ọtí dà nù. Adájọ́ àgbà John Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò pọn dandan kó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà, àmọ́ nígbà tó ti tẹ́wọ́ gbà á, ó yẹ kó tọ́jú rẹ̀. Ẹjọ́ yìí wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà ní Nàìjíríà títí dòní, torí òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a jogún. Àwọn àgbà tiwa ti sọ ọ́ lọ́nà mìíràn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni.

Ẹnìkan á ní kí ló kan Ifá nínú ọ̀rọ̀ fóòmù àga. Ohun tó kàn án pọ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tí ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1969, kò bá ọba nìkan níwájú awo. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ló bá, tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọ̀rọ̀ àìsàn wá. Ifá kò dá odù kankan sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ń gbà dá ẹ̀bi, ọ̀nà náà kò sì pamọ́. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe to ẹsẹ gan-an.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí wọ́n fi jẹ Àwíṣẹ Awo Àgbáyé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981, tó sì di Gíwá fásitì ìlú náà lọ́dún kejì rẹ̀, tú ẹsẹ Ifá palẹ̀ fún wa, ó ní ó lè ní tó ìpín mẹ́jọ. Wọ́n á dárúkọ awo. Wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n dífá fún àti ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n á sọ ohun tí awo ní kó ṣe. Wọ́n á sì sọ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ìgbà yẹn ni ire tàbí ibi tó ń dé, tí ìtàn á sì máa lọ síbi tó ń lọ. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ẹsẹ láti kékeré, ẹ lè má fiyè sí i mọ́ pé ìyà kì í ṣàdédé bá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un. Lójú tèmi, ibi tí gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹsẹ Ifá nìyẹn: ibi tí ìkìlọ̀ ti bọ́ sétí ẹnìkan, tí onítọ̀hún sì yàn láti gbọ́ tàbí láti kọtí ikún. A ń béèrè pé ta ló ni ajá, a tún ń béèrè pé ọwọ́ ta ló wà. Ifá á kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n kìlọ̀ fún.

Ìtàn tó fi èyí hàn jù lọ wà nínú odù Ìká Òfún, Ilé-Ifẹ̀ níbí náà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà kan ń bọ̀ wá sí Ifẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn á gbó, bóyá àwọn á tọ́. Ifá ní wọ́n á gbó, àmọ́ ó ka ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe gan-an. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Kí ni wọ́n wá sọ? Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà sì fèsì pé òun kọ́, òun ti sọ fún wọn.

Lára ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún àwọn àgbà yẹn ni pé kí ẹni tí kò mọ̀ọ́wẹ̀ má bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wọ odò bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìkìlọ̀ yẹn bá ọ̀rẹ́ alájá mu gan-an. Ṣé ó mọ ajá sìn? Bí wọ́n bá bi í pé, “Ṣé o lè ṣe é?” tó fi ẹ̀rín dáhùn pé, “Kí ló wà nínú ajá?” nígbà tí kò sin ju adìyẹ lọ rí, ó ti fi àìmọ̀ọ́wẹ̀ wọ odò. Odò kì í béèrè bóyá o gbowó kó o tó wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ọdún mẹ́rin ni alájá ti ń gbé pẹ̀lú ajá yìí. Ó mọ̀ pé bí ààrá bá sán, ajá kò mọ ẹni tó ń bọ́ ọ mọ́. Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀? Tàbí ó kàn sọ pé, “Ìrẹsì àti ẹja ló ń jẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó,” tó sì bá mọ́tò lọ? Awo tó rí ìkìlọ̀ lójú ọpọ́n tó gbé e mì, kò ní ẹnu láti sọ lẹ́yìn náà pé oníbèéèrè kò rúbọ. Ẹbọ wo? Ìgbà wo ló sọ ọ́?

Ìdí rèé tí n kò fi gba ti àwọn tó ń sáré dá ẹjọ́ yìí pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọ́n ń rán mi létí ìtàn fìlà Èṣù, tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì ń ṣiṣẹ́ lóko tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́, Èṣù gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ méjì, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọ̀ fìlà. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. “Ajá rẹ ni” jẹ́ òótọ́. “Ọwọ́ rẹ ló wà” jẹ́ òótọ́. Ẹ lè fi òótọ́ méjèèjì na ara yín títí ọ̀sán á fi pọ́n.

Ti lánlọ́ọ̀dù kò ní wàhálà. Alájá ló gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, alájá ló máa tún ilẹ̀kùn ṣe, kíá, láìrán an sí ẹnikẹ́ni. Ìjà ọ̀rẹ́ méjì kò kàn án.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú irú ẹjọ́ báyìí ni bí wọ́n ṣe máa ń gba owó náà. Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa. Obìnrin méjì ṣọ̀rẹ́. Ọ̀kan gbin obì, ewúrẹ́ kò jẹ́ kó gbérí. Bó bá ti yọ ewé méjì, ewúrẹ́ a já a jẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti jábọ́, kó fi dé e. Obì gba inú ìkòkò yọrí, ó di igi, ó so, owó wọlé. Ojú ọ̀rẹ́ pọ́n. Ó ní òun fẹ́ gba ìkòkò òun, lódidi, láìfọ́. Wọ́n ní àwọn á ra mẹ́wàá fún un, ó ní tòun lòun ń gbà. Ẹjọ́ dé ààfin; ọba ní ohun olóhun ni ohun olóhun, wọ́n sì gé igi obì. Nígbà tó yá, oníkòkò bímọbìnrin, ẹni tí wọ́n gé obì rẹ̀ sì fi ẹ̀gbà idẹ kan sí ọmọ náà lọ́rùn. Ọmọ dàgbà, ọrùn kún idẹ. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín rilé ọkọ ni onídẹ dé. Ó ní òun fẹ́ gba idẹ òun, lódidi, láìgé. Ibi tí ìtàn parí sí yàtọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń pa á. Lẹ́nu àwọn kan, ọ̀bẹ ló parí ẹ̀. Lẹ́nu àwọn mìíràn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Tẹlifíṣọ̀n yẹn ti lo ọdún mẹ́fà. Apá kan ojú rẹ̀ ti ń dúdú kó tó ṣubú. Alájá tó bá ní kí ọ̀rẹ́ òun ra tuntun láti inú páálí ń béèrè ìkòkò tó ní ìdí lọ́wọ́ ẹni tó gba ìkòkò aláìnídìí. Iye tí wọ́n ń ta àlòkù irú rẹ̀ lónìí ló tọ́ sí i. Àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ fi sùn nílé onílé: bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń gbowó ni alájá fi síbẹ̀, èló ni ì bá san? Iye yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà. Oore kì í pa gbèsè rẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí wọ́n fi máa ka ohun tó bàjẹ́ délẹ̀délẹ̀ kí wọ́n má ka èyí tí ọ̀rẹ́ ṣe dáadáa fún ogún ọjọ́.

Bí mo ṣe dá a nìyí. Bí alájá bá sọ pé ajá kò gbọ́dọ̀ wọlé, tó sì sọ pé ó ń bẹ̀rù ààrá, ọ̀rẹ́ ti gbọ́ bí àwọn àgbà yẹn ṣe gbọ́ ní Ifẹ̀, ó sì ti padà lọ ṣe tirẹ̀. Òun ló ni àtúnṣe, pẹ̀lú ìyọkúrò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Bí alájá kò bá sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì, òun ló ni gbogbo rẹ̀, kó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Èyí tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, pé ó sọ ibi tí ajá ń sùn ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n pín in sí méjì: ilẹ̀kùn, nẹ́ẹ̀tì, àga, àti tẹlifíṣọ̀n ní iye àlòkù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Èkó lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ajá yín ń bẹ̀rù ààrá.