Bàálù Àlòkù àti Àlejò Tí Kò Lè Béèrè

A ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ọwọ́ wọn ti tẹ́nu nílẹ̀ yìí pé jẹ́ẹ̀tì kékeré kì í tún ṣe ohun àwọn ọba mọ́. Òótọ́ ni. Lára àwọn Cessna Citation àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fò wò ní ọdún 1969, a lè rí èyí tí owó rẹ̀ kò ju owó ilé kan lọ ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà. Kò yára bí àwọn jẹ́ẹ̀tì yòókù. Àwọn awakọ̀ òfuurufú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹyẹ ti ń kọ lù ú. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ẹni tí agbára rẹ̀ ká rírà á, ṣùgbọ́n tí kò ká ìtọ́jú rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó gbé ẹlòmíràn sínú rẹ̀?

Kì í ṣe àìdára ni ó sọ ọ́ di pọ́ọ́kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní iye wákàtí, 3,500, tí àwọn tó ṣe é ní kí a tú u palẹ̀ kí a sì tún un ṣe. Àwọn irin kan wà nínú rẹ̀ tí a ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti gbéra; bí iye náà bá pé, a ó yọ wọ́n dànù, ìbáà ṣe pé wọn kò bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì méjì ni, owó àtúnṣe méjèèjì sì lè ju owó bàálù náà lódindi lọ. Láti oṣù January 2005, bàálù tí kò bá ní ẹ̀rọ ìwọn-gíga tó péye kò gbọdọ̀ fò láàárín ẹsẹ̀ bàtà 29,000 sí 41,000 lójú ọ̀run Amẹ́ríkà. Ìsàlẹ̀ ni yóò máa rìn, níbi tí jẹ́ẹ̀tì ti ń mu epo bí omi. Owó ẹṣin ọ̀tọ̀, owó koríko ọ̀tọ̀. Gbèsè tó ń bọ̀ ni ẹlòmíràn ń tà fún yín.

Òfin ilẹ̀ yìí di ẹni tí ń gba owó ọkọ̀ mú ṣinṣin. Ẹni tí ó bá ń gbé ará ilé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òfin dẹ ọwọ́ fún un. Ohun púpọ̀ kù sí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Àwọn kan ní òmìnira nìyẹn. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sanwó lè béèrè, àlejò kò lè béèrè. Ta ni nínú wa, tí a kọ́ dáadáa nílé, tí yóò sọ fún àgbà tó fún un ní ìjókòó pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, wákàtí mélòó ló kù fún ẹ́ńjìnnì yín?” Ìwọ̀sí ni wọn yóò kà á sí. Nítorí náà, ẹrù tí òfin kò gbé ka olówó bàálù lórí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àlejò gbé e kà á.

Kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Láti ọdún 1977 ni òfin ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo máa wa oríṣi Citation kan. Thurman Munson, gbajúmọ̀ eléré béésíbọ́ọ̀lù fún New York Yankees, ra irú rẹ̀ ní ọdún 1979 kí ó lè máa tètè dé ọ̀dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Canton, ní Ohio. Tuntun ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù August, ó ń fi í dánra wò. Eré bàálù náà dínkù jù, ó sì já lulẹ̀ kí ó tó dé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Àwọn méjì tí ó gbé sínú rẹ̀ gbìyànjú láti fà á jáde títí iná fi lé wọn. Ọmọ ọdún 32 ni. Ta ni yóò sọ pé ìdí tí ó fi rà á kò dára?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé olówó ńlá nìkan ni yóò máa fò ni? Rárá o. Ẹni mẹ́ta lè dáwó jọ, bí wọ́n bá lè fohùn ṣọ̀kan ṣáájú pé gbogbo wákàtí tí wọ́n bá fò ni owó ẹ́ńjìnnì yóò wọ báńkì, kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ibi tí a kò bá ti ṣe èyí, nígbà tí ìwé owó bá dé, oníkálùkù a máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ní àwọn pápá òfuurufú kéékèèké, ẹ ó rí Citation àtijọ́ tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí koríko hù yí táyà rẹ̀ ká. Àwọn kan a máa fi ẹni tó ni ín ṣe ẹlẹ́yà. Àwa kì í rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí owó àtúnṣe kò sí, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n sì gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ.